Àwòmọ́jú àbí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀? Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí lórí eré àtìgbàdégbà, àti ìdáhùn mi

Aránṣọ ni mí. Lágere nílùú Ilé-Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ìléṣà ni wọ́n ti bí mi. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, lókè ibi tí a ń fi aṣọ tí a ti rán tán kọ́ sí. Mo rà á kí dídúró má baà sú àwọn oníbàárà. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ. Ṣé kéèyàn jókòó ti eré kan kó wò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí kó máa wo apá kan lọ́sẹ̀? Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń bi mí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi mí, àwọn ìyá tó jù mí lọ náà ń bi mí. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní ibi tí mo fì sí, ẹ ó sì rí i.

Kí là ń pè ní àwòmọ́jú?

Kéèyàn wo apá mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí odidi sáà eré kan ní ìjókòó kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní bínjì: "Mo ti bínjì ẹ̀ lálẹ́ àná." Ní ṣọ́ọ̀bù wa, àwòmọ́jú là ń pè é, torí ilẹ̀ sábà máa ń mọ́ bá ẹni tó bá dáwọ́ lé e. Ọ̀rọ̀ náà rinlẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì débi pé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Collins fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2015. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni èkejì: ẹ wo apá kan lónìí, ó di ìjẹjọ òní kí òmíràn tó dé.

Ta ló kọ́kọ́ da gbogbo apá eré sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Ìgbà tí Netflix gbé House of Cards jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ náà di ńlá káàkiri ayé. Apá 13 ni sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì bọ́ síta lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n àwa ti ń fojú winá rẹ̀ ṣáájú. Ta ni kò rántí ìgbà tí a máa ń lọ háyà fíìmù, tí apá kìíní á parí síbi tí wọ́n ti gbé àdá sókè, tí a ó fi sáré padà lọ háyà apá kejì kí onífídíò tó ti ilẹ̀kùn? Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn díìsì tí wọ́n kó odidi sáà eré Amẹ́ríkà sí kún orí káńtà. Nígbà tí Netflix fi máa wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ojú wa ti là.

Báwo lẹ ṣe ń wo eré nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?

Ọjọ́ kan wà fún un, aago kan wà fún un. Tí ẹ bá pàdánù rẹ̀, ó tán nìyẹn. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣí WNTV n'Ìbàdàn, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, báyẹn ni gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ṣe ń wò ó. The Village Headmaster, tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ó sì wà lórí afẹ́fẹ́ di 1988. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ti pé ọmọ ogún ọdún kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Bí Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá tiwa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, bá sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó ń jẹun á gbé àwo kalẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Ìléṣà, ẹnì kan ló ní tẹlifíṣọ̀n, Bàbá onílé. Inú àpótí onígi kan tó ní ilẹ̀kùn méjì ni tẹlifíṣọ̀n náà wà, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì máa ń wà lọ́rùn Bàbá. Tó bá ti kù díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọdé á ti fọ ẹsẹ̀, a ó tẹ́ ẹní, a ó jókòó títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kan á gun òrùlé lọ yí ẹ́ríà. "Ṣé ó ti mọ́?" "Ó ti mọ́! Háà, ó tún ti ń rọ̀jò!" "Báyìí ńkọ́?" "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹ má mira!" Ẹ̀gbọ́n náà á sì dúró sórí páànù níbẹ̀, kò ní rí nǹkan kan nínú eré náà, àfi ohùn tó ń gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọkọ fẹ́ ṣí lẹ́tà tí ìyàwó ti fi pamọ́ fún un, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo àdúgbò ké "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà. A dúró, a dúró, iná kò dé. Kò sí ẹni tó dìde lọ sílé. Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, ó ní òun mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wa, bí ẹni pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá onílé ní irọ́ ni, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun náà sì sọ tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìparí márùn-ún ló ti wà fún eré yẹn ní àdúgbò wa, àwọn kan sì ti bára wọn jà nídìí ẹ̀rọ omi nítorí rẹ̀. Mi ò rántí ohun tí wọ́n ka jáde nínú lẹ́tà náà ní tẹlifíṣọ̀n. Èyí tí Ìyá alákàrà kà ni mo rántí, mo lè kà á fún yín lónìí.

Ibẹ̀ ni mo ti fì sí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tí eré kò fi sí lójú tẹlifíṣọ̀n ni eré náà máa ń di tiwa.

Ṣé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa ní dídúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

Rárá o. Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé rárá ni àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá ti ń dúró. Ní 1929 ni Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Lẹ́tà obìnrin kan tó ti gbádùn ayé kọjá àlà, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, ni ó fi ṣe é, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí wọ ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́. Wọ́n ń kọ ìwé sí olóòtú. Ẹ rò ó wò: tó bá jẹ́ pé ìwé odindi ni wọ́n rà lọ́jà lọ́jọ́ kan tí wọ́n kà á tán, ìgbà wo ni wọn ì bá ráyè kọ̀wé sí i? Àárín lẹ́tà kan sí èkejì ni wọ́n ti rí àyè náà.

D. O. Fágúnwà náà mọ̀ ọ́n. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, Akàrà-ògùn kì í sọ ìtàn ara rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ó sọ ọ́ títí, ó dìde, ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tó fi máa padà dé, èrò ti pé jọ dè é. Ìtàn tó gbọ́dọ̀ dúró ló pe èrò jọ.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ èkejì náà. Àlọ́ kì í dúró. Ẹni tó bá pa àlọ́ Ìjàpá lálẹ́ gbọ́dọ̀ pa á dópin kí àwọn ọmọ tó sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní jẹ́ kó sinmi. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ ìparí lálẹ́ òní kì í ṣe àjèjì sí àṣà wa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àlọ́ kì í gba wákàtí mẹ́jọ.

Kí ló dé tí mi ò lè dáwọ́ dúró tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀?

Kì í ṣe pé orí yín kò pé. Àwọn tó kọ eré náà ló mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gé e. Ìparí apá kan kì í ṣe ìparí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn tuntun, wọ́n á sì pa iná. Ní 1927, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bluma Zeigarnik, tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin nílẹ̀ Jámánì, kọ ìwádìí rẹ̀ jáde pé iṣẹ́ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ èèyàn láìparí máa ń dúró sí i lọ́kàn ju èyí tó ṣe parí lọ. Ẹni tó bá ti ń ránṣọ mọ èyí láìlọ sí Berlin. Aṣọ tí mo bá rán tán, mo ti gbàgbé. Èyí tó ku ẹgbẹ́ kan ni yóò bá mi dé orí ibùsùn.

Ẹ wá fi ẹ̀rọ kún un. Apá kan kò tíì tutù tí èkejì ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá sí yín, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò yàn án, ẹ kàn ṣáà kọ̀ láti kọ̀ ọ́ ni. Ẹ wọ inú ètò ápù náà kí ẹ pa ohun tó ń jẹ́ autoplay. Ó wà lórí Netflix, ó wà lórí YouTube.

Ọgbọ́n kejì, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló rí i. Kì í dúró níbi tí apá bá parí sí. Àárín apá ló ti máa ń dúró, bí ogún ìṣẹ́jú bá ti lọ, níbi tí wọ́n ti ń jẹun tàbí tí wọ́n ń gun mọ́tò. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbé àdá sókè. Oorun á gbé e lọ wẹ́rẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún èmi náà.

Èwo ló ń pẹ́ lórí jù nínú méjèèjì?

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Melbourne, nílẹ̀ Ọsirélíà, dán an wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n fi eré alápá mẹ́fà kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 51. Àwọn kan wò ó tán lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan wo apá kan lójúmọ́, àwọn yòókù wo apá kan lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó wò ó tán lẹ́ẹ̀kan ló rántí jù. Àmọ́ nígbà tó di 140 ọjọ́, àwọn náà ni ohun tí wọ́n rántí ti ṣí lórí wọn jù, tí ti àwọn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì dúró dáadáa. Èyí tó wá dùn mí jù: àwọn tó wò ó tán lẹ́ẹ̀kan ló sọ pé àwọn gbádùn rẹ̀ kéré jù.

Mo máa ń rí i níbí. Oníbàárà kan á ní òun wo eré kan nínú ọdún Kérésì, ó dùn gan-an. Kí ni orúkọ obìnrin inú rẹ̀? Kò mọ̀. Ṣé ọkọ rẹ̀ ló pa á ni àbí àbúrò ọkọ? Á dákẹ́, á ní "Ẹ jẹ́ n rántí." Wákàtí mẹ́wàá gbáko ló fi wò ó.

Oorun ńkọ́?

Ọ̀dọ́ 423, ọmọ ọdún 18 sí 25, ni ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2017 bi léèrè. Àwọn tó ń wo àwòmọ́jú ló ń sọ pé oorun àwọn kò dára tó, pé ara ń rẹ àwọn, pé oorun kì í tètè wá. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọkàn ṣì ń sáré lẹ́yìn tí ojú ti kúrò lára ẹ̀rọ. Eré ti parí, ìwọ ṣì ń bá wọn jà.

Èmi fúnra mi jẹ ìyà rẹ̀. Oṣù Kejìlá kan, mo wo apá mẹ́jọ mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, mo tẹ́ léèsì ìyàwó kan sórí tábìlì, mo sàmì sí i, mo gé e. Nígbà tí mo fẹ́ so ọwọ́ aṣọ mọ́ ọn ni mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún méjì ni mo gé. Kò sí ti òsì. Mo jókòó, mo kó méjèèjì sórí ẹsẹ̀ mi, mo ń yí wọn, bóyá ọ̀kan á gbà láti di òsì. Léèsì ní ojú, ó ní ẹ̀yìn, kò gbà. Ọjà Gbági n'Ìbàdàn ni mo ti rí ìdajì ọ̀pá tó bá a mu, lẹ́yìn tí mo ti rìn ín láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ìyàwó náà kò mọ̀ títí dòní. Láti ọjọ́ náà, mi ò wo eré kọjá aago mẹ́wàá alẹ́ tí mo bá ní aṣọ láti gé lọ́jọ́ kejì.

Dátà mélòó ni àwòmọ́jú ń jẹ?

Netflix sọ pé wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi GB 1 tí àwòrán bá wà ní ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, ó sì lè tó GB 3 tó bá jẹ́ HD. Tí ẹ bá fà á wálẹ̀ pátápátá, nǹkan bíi GB 0.3 ni. Nítorí náà, eré oníwákàtí mẹ́jọ lè jẹ GB 24 lóru ọjọ́ kan, ó sì lè má tó GB 3. Ètò tí ẹ kò fọwọ́ kàn ló pín wọn níyà. Láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fi owó kún owó títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré mọ́. Lójú fóònù, ẹ̀yin tí ẹ ní ojú tó dára gan-an kò lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín GB 1 àti GB 3. Ẹ fi owó yẹn ra gààrí.

Ẹ máa dáńlóòdù rẹ̀ lóru nígbà tí dátà òru bá wà, kí ẹ wò ó lọ́sàn-án.

Iná kò sí ládùúgbò wa. Tó bá ti dé, ṣé kí n má tètè wò ó tán ni?

Ẹ wò ó. Ẹni tí iná ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ní àǹfààní láti ṣètò ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ ṣáàjì fóònù àti láńtánì kí ẹ tó jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU ni mí. Ṣé kí n máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àárín sáà ẹ̀kọ́, àbí kí n kó o pamọ́ di ìgbà tí ìdánwò bá parí?

Ẹ kó àwòmọ́jú pamọ́, kí ẹ mú ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo dání. Wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni láyò. Mo mọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ń gbé inú yàrá kan ní Moremi Hall. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni tiwọn, orí bẹ́ẹ̀dì kan ni gbogbo wọn ń kó ara wọn jọ sí, fóònù kan ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n á gbé e ti ìgò omi. Wọ́n ní ìyẹn nìkan ni wákàtí tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rí ara wọn ní ìjókòó láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ràn eré náà rárá. Ó ń wá síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tún ń padà sí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?

Owó ni, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ẹni tó bá san owó oṣù kan lè wo gbogbo sáà eré láàárín ọjọ́ méjì, kó já owó náà dúró, kó lọ. Tí apá mẹ́jọ bá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, owó oṣù méjì nìyẹn. Disney+ fi ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ The Mandalorian ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Prime Video da gbogbo sáà àkọ́kọ́ The Boys sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ nígbà tí sáà kejì dé ní 2020, apá mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ìyókù wá ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú. Netflix tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí náà pín sáà kẹrin Stranger Things sí méjì ní 2022: apá méje nínú oṣù Karùn-ún, apá méjì nínú oṣù Keje.

Ohun kejì ni òkìkí. Eré tó jáde lẹ́ẹ̀kan máa ń gba ẹnu gbogbo ayé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì tán. Game of Thrones, tó ń jáde lálẹ́ ọjọ́ Àìkú láti 2011 di 2019, wà lẹ́nu àwọn èèyàn láti sáà dé sáà. Àwọn tí kò wò ó rí mọ̀ pé ó wà. Bóyá owó ló gbé wọn padà, ohun tí wọ́n padà síbẹ̀ dára lójú mi.

Eré Yorùbá ńkọ́? Ṣé ó bá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ mu?

Ó bá a mu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde gẹ́gẹ́ bí fíìmù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Nígbà tó sọ ọ́ di eré àtìgbàdégbà, apá mẹ́fà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde lórí Netflix. Mo wò ó lọ́jọ́ méjì. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí pé wọ́n dà á lé wa lórí báyẹn. Èdè inú rẹ̀ nìkan tó ohun tí à bá fi jíròrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: òwe tó wà níbẹ̀, oríkì, bí wọ́n ṣe ń kí ọba. Oníbàárà mi kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dá eré náà dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Báyẹn ló yẹ ká wo eré Yorùbá, kí a máa dá a dúró. Àwọn tó ń wò ó ní ìlọ́po ìyára kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbé eré sí YouTube lápá lápá ń ṣe dáadáa ní tiwọn. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni kí wọ́n mú ọjọ́ kan. Tí ẹ bá sọ pé ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ń dúró de yín, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó máa dúró lásán.

A jọ ń wò ó ni, ọkọ mi wá lọ dá wò ó ṣáájú. Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú?

Ẹ ní ẹ̀tọ́. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò kéré. Obìnrin kan wá gba aṣọ lọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ kò dùn. Lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ máa ń wo eré kan, apá kan lọ́sẹ̀, wọ́n á jọ jẹ ẹ̀pà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọkọ ti wò ó síwájú. Ẹ̀rín ọkọ ló fi mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín kí ẹni inú eré tó la ẹnu.

Ohun tí mo sọ fún un ni kó má ba ọkọ jà lórí eré. Kó sọ fún un pé wákàtí àwọn méjèèjì ló mú lọ. Ọkọ náà bẹ̀ ẹ́, ó ní iṣẹ́ òru ló sú òun. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti apá tí wọ́n jọ dé, ọkọ jókòó tì í, ó sì pa ẹnu mọ́. Tí ẹ bá ti ṣẹ̀, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyẹn.

Kí ni kí n ṣe fún ẹni tó máa ń sọ ìparí eré fún gbogbo èèyàn?

Ẹ rántí pé inú The Village Headmaster náà ni orúkọ tí à ń pe irú wọn ti wá. Amebo ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í gbé nínú rẹ̀ ní abúlé Ọjà, Ibidun Allison ló ṣe é, gbogbo Nàìjíríà sì sọ orúkọ náà di ọ̀rọ̀. Òfin tiwa ní ṣọ́ọ̀bù kò ju gbólóhùn kan lọ: kí o tó la ẹnu, kọ́kọ́ béèrè pé, "Ibo lẹ dé?" Ẹni tó bá rú u yóò ká gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá tàbí ọmọṣẹ́.

Ṣé kò sí ìgbà kankan tí àwòmọ́jú dára?

Ó wà. Ìyá mi ṣubú, ó fi egungun ìbàdí ṣèṣe, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ibùsùn. Ọ̀sán rẹ̀ gùn, òru rẹ̀ gùn jù ú lọ. Eré Íńdíà kan tó ní apá tí kò lóǹkà ló mú un la ìgbà náà kọjá. Aago méjì òru, ìrora kì í jẹ́ kó sùn, èmi náà kò lè sùn, a ó jọ máa wò ó. Á ní, "Sún un síwájú, jẹ́ ká wo bóyá ìyá ọkọ yẹn máa ronú pìwà dà." Ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ fún un pé kó dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹni tó ń ṣàìsàn, abiyamọ tó ń jí lóru, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé tí ojú rẹ̀ kò tíì kún fún oorun, kí wọ́n wò ó bó ṣe wù wọ́n. Ohun tí mo ń bá jà ni ká máa ṣe é nítorí pé ẹ̀rọ ló ń ti ara rẹ̀ síwájú.

Báwo gan-an lẹ ṣe ń ṣe ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí gbogbo eré ti wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń dáńlóòdù gbogbo sáà sí fóònù ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà lọ́rùn mi, lára okùn téèpù. Tó bá di aago mẹ́rin, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́. A ó wo apá kan. Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n, sí iwájú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ọmọṣẹ́ tó kéré jù nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Oṣù méjì ló fi ń wò wá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní ọmọ inú eré náà mọ ẹni tó jí owó, ẹ̀rù ló ń bà á láti sọ. Gbogbo wa ní rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Láti ìgbà náà, ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ó sì ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀.

Eré tí a ń wò báyìí ku apá kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti gba fírídọ́ọ̀mù lóṣù tó kọjá, ó ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìléṣà. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wò ó. Mo ní aṣọ ẹbí kan láti fi jíṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wọ mọ́tò wá." Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kù, gbogbo wọn ní ká dúró. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí aago mẹ́rin lù, a dá ẹ̀rọ dúró bẹ́ẹ̀ náà, a sì tún ka gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ìwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ ṣì wà lọ́rùn mi.